Mo Pa Kẹ́hìndé Bàbá Aláago

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má tíì pariwo, ẹ má sì tíì pe ọlọ́pàá. Kẹ́hìndé tí mo pa kì í ṣe ènìyàn. Bátìrì ni. Ṣùgbọ́n ká ní ẹ rí ojú ẹni tó ni ín lọ́jọ́ tí àṣírí tú ni, ẹ ó ní ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni mo ṣe ní jàǹbá.

Aránṣọ ni mí. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kan tó fi díẹ̀ tóbi ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ, mo ní ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, mo sì ní àfẹ́sọ́nà kan tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: mo ní àfẹ́sọ́nà! Ìfẹ́ ọkùnrin yìí ń pa mí bí ọtí. Bó bá ti rẹ́rìn-ín sí mi báyìí, mo lè gbé apá aṣọ síbi tó yẹ kí ọrùn wà, kí n sì máa rán an lọ.

Ohun kan ṣoṣo ló kù ká tó fẹ́ra wa, bàbá rẹ̀ ni.

Aago ni bàbá náà ń tún ṣe, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Bàbá Aláago. Òun nìkan ló tọ́ Nọ́ọ̀sì mi dàgbà. Bí bàbá ò bá sì fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ ti parí. Lọ́jọ́ tí Nọ́ọ̀sì mú mi lọ hàn án, bàbá ò yọ awò kékeré tó fi ń wo inú aago kúrò lójú. Ó fi wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

"Ara ẹ yá," ló wí. "Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀yin ọmọ òde òní kì í burú. Òpin ẹ̀ ni mo máa ń fẹ́ rí. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìdíje wa tán ná. Lọ́jọ́ náà ni màá fún yín lésì."

Ìdíje wo? Ìdíje bàálù ni o! Bàbá àgbà yìí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní bàálù kéékèèké tó ń lo bátìrì, tí wọ́n ń fi rìmóòtù darí láti ilẹ̀. Ẹ má ro pé ìṣeré ọmọdé ni. Ìyẹ́ apá ti bàbá gùn tó tábìlì ìjẹun. Bó bá gbéra, ẹ ó tẹ orí ba.

Nínú ìdíje wọn, kì í ṣe bàálù tó ga jù ló ń gba ife. Bàálù á kọ́kọ́ gòkè bó bá ṣe lágbára tó, á wá máa yí pápá ká títí adájọ́ á fi fọn fèrè, lẹ́yìn náà á tún gòkè lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tí òkè àkọ́kọ́ rẹ̀ àti òkè ìkẹyìn rẹ̀ bá sún mọ́ra jù lọ ló borí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kálukú ń gbéra, èyí tó bá dáa jù ni wọ́n á kà fún un.

"Ta ni ò lè fi ariwo bẹ̀rẹ̀?" bàbá bi mí. "Agbára tá a fi bẹ̀rẹ̀ ni ká fi parí, ibẹ̀ niṣẹ́ wà."

Ohun tí bàbá gbójú lé ni bátìrì méjì tó ń so pọ̀ sínú bàálù náà. Táyé àti Kẹ́hìndé ló sọ wọ́n. Ọjọ́ kan náà ló ra méjèèjì, láti inú páálí kan náà. Ó ń ṣáàjì wọn pọ̀, ó ń lò wọ́n pọ̀, wọ́n jọ ń sinmi. Ó lẹ téèpù pupa mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láyà kí ẹnikẹ́ni má bàa kó wọn pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn.

Nígbà tí ìdíje kù díẹ̀, bàbá fẹ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: kò gbé àwọn ìbejì yìí fún ọmọ rẹ̀. Èmi ló gbé wọn wá bá ní ṣọ́ọ̀bù!

"Má jẹ́ kí wọ́n kún fọ́fọ́ sílẹ̀," ló ní. "Má sì jẹ́ kí wọ́n gbẹ. Ìdajì ni kí wọ́n wà. Láàárọ̀ ìdíje, ṣáàjì méjèèjì pọ̀ kí wọ́n kún. Má sì yà wọ́n. Ibi tí Táyé bá wà ni kí Kẹ́hìndé wà."

"Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀," mo ní. "Bí ẹyin ni màá ṣe mú wọn."

Bó ṣe yí ẹ̀yìn padà ni mo bẹ́ sí ijó. Mo jó títí mo fi da agolo abẹ́rẹ́ nù, mo sì ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń ṣa á. Bàbá ti gbà mí! Kí ló tún kù?

Olóhùn-Iyọ̀ ló kù.

Olóhùn-Iyọ̀ ni obìnrin tí wọ́n fẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ lórí máìkì lọ́jọ́ ìdíje náà. Ohùn rẹ̀ dùn, ó sì mọ̀ ọ́n lò, bó bá ń kí yín ní ṣọ́ọ̀bù mi, àwọn tó wà ní òpin títì á dáhùn. Ó ti ní kí n rán aṣọ gígùn kan fóun tí gílóòbù wínníwínní á wà lọ́rùn àti létí rẹ̀. Èmi náà sì ti bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi polówó ṣọ́ọ̀bù mi lórí máìkì.

Ó wá gbé aṣọ náà wọ̀. Ó bá a mu bí ẹni pé inú rẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ṣùgbọ́n bátìrì kékeré tí mo ra fún un kò tíì dé, gílóòbù ò sì tàn.

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó máa tàn?" Olóhùn-Iyọ̀ bi mí, ó ṣu ẹnu jọ níwájú dígí. "Àbí kí n kúkú lọ wo aránṣọ kejì tó wà níwájú yẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fún mi láàyè díẹ̀."

"Bó bá tàn lójú mi báyìí, gbogbo pápá ló máa gbọ́ nípa ẹ lọ́jọ́ náà. Bí ò bá tàn, ó dàbọ̀."

Ojú mi bá yà sí orí pẹpẹ. Táyé àti Kẹ́hìndé jókòó síbẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ nínú ìbọ̀sẹ̀ onírun tí bàbá fi wé wọn. Mo gbójú kúrò. Ojú náà tún padà síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé, ṣebí Kẹ́hìndé nìkan ni. Ṣebí kò ní pẹ́. Ta ló máa sọ fún Táyé?

Mo so Kẹ́hìndé mọ́ aṣọ náà.

Yéè! Ẹ ò rí i! Gbogbo ara Olóhùn-Iyọ̀ tàn yòò. Ògiri ṣọ́ọ̀bù ń tàn, orí mi náà ń tàn. Obìnrin yìí figbe ta, èmi náà figbe ta, a dì mọ́ra, a ń yí gbirigbiri láàárín àwọn aṣọ oníbàárà.

"Irú bátìrì wo lèyí tó ní téèpù pupa láyà?" ló bi mí.

"Ti bàbá àfẹ́sọ́nà mi ni," mo fi yangàn.

Ó bọ́ aṣọ sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo gbé aṣọ náà kọ́, iná rẹ̀ ṣì ń tàn, mo ní kí n kàn wò ó fún ìṣẹ́jú kan sí i. Ìgbà yẹn gan-an ni Nọ́ọ̀sì yọ sí ẹnu ọ̀nà nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ní iṣẹ́ ti parí, ṣé ká rìn lọ sí etí odò? Ta ló máa bi irú mi bẹ́ẹ̀ léèrè lẹ́ẹ̀mejì? Mo ti ilẹ̀kùn, mo gbá a lápá mú, mo gbàgbé ayé. Mo sì gbàgbé Kẹ́hìndé.

Nígbà tí mo padà sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì, aṣọ ti ṣókùnkùn. Kẹ́hìndé ti gbẹ pátápátá, ó wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn. Mo pè é, bí ẹni pé ó lè dáhùn. Mo tiẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

Ohun tó yẹ kí n ṣe ò pamọ́ fún mi. Kí n gbé fóònù, kí n ní, "Bàbá, ẹ má bínú." Ṣùgbọ́n mo rántí awò ojú rẹ̀ yẹn, ọwọ́ mi ò gbé fóònù. Ọ̀dọ̀ oníbátìrì ni ẹsẹ̀ mi gbé mi lọ.

"A ní èyí tó jọ ọ́ gan-an," oníbátìrì ní, bó ṣe ń gba òkú Kẹ́hìndé lọ́wọ́ mi kó lè bá mi dà á nù síbi tí kò ti ní gbiná. "Tuntun ni. Ó tiẹ̀ lágbára ju tìẹ yìí lọ dáadáa."

Ó lágbára jù ú lọ! Inú mi tún dùn. Mo rọra ṣí téèpù pupa kúrò láyà Kẹ́hìndé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ àjèjì náà láyà, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn dáadáa. Ẹ wo bí orí mi ṣe pé tó: mo ń rò pé mo ṣe bàbá lóore.

Ọjọ́ ìdíje pé, òtútù mú láàárọ̀ náà. Mo ti ṣáàjì méjèèjì, mo gbé wọn sínú ìbọ̀sẹ̀ wọn, Nọ́ọ̀sì sì wá gbà wọ́n lọ́wọ́ mi, ó kó wọn sínú ọkọ̀. Nígbà tá a dé pápá, bàbá, tó ti padà dé láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti ìbọ̀sẹ̀ náà bọ inú kóòtù rẹ̀, ó rọra fi apá há a mọ́ra.

"Ọ̀lẹ ni bátìrì tí òtútù bá mú," ló ní. "Ṣé wọ́n kún?"

"Wọ́n kún fọ́fọ́, bàbá."

"Àwọn méjèèjì?"

"Àwọn méjèèjì, sà."

Ẹ ò rí i pé mi ò purọ́?

Àwọn ènìyàn ti kún etí pápá. Olóhùn-Iyọ̀ dúró lórí pèpéle nínú aṣọ mi, bátìrì kékeré rẹ̀ ti dé, ó ń tàn ní ọ̀sán gangan. Oníbúrẹ́dì, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá tó sì tún jẹ́ orogún rẹ̀ nínú eré yìí, ti gbéra lẹ́ẹ̀kan, tirẹ̀ sì dáa. Wọ́n pe Bàbá Aláago.

Bàálù náà gbéra, ó fò sókè fìà! Kò ga báyìí rí. Gbogbo èrò pariwo, èmi ni mo pariwo jù. Mo ń fò sókè bí ewúrẹ́ tó jábọ́ sínú omi gbígbóná, mo ń pariwo pé, "Bàbá wa nìyẹn! Bàbá wa nìyẹn!"

Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Ó ti pọ̀ jù," ló ń sọ sínú. "Kí ló ń lé e?"

Bàálù yí pápá ká, ó tún un yí. Kò pẹ́ tí ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ti ń kọrin tẹ́lẹ̀, ó wá ń ráhùn. Adájọ́ fọn fèrè pé kó gòkè. Ó gbé imú sókè bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó rò ó wò, ó sì yí èrò padà. Ṣe ló ń rọ̀ bọ̀ wálẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tó gba orí èrò kọjá, tó lọ jókòó sáàárín ife omi àwọn adájọ́ lórí tábìlì wọn.

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mi ò lè rẹ́rìn-ín.

"Ọwọ́ Aláago ti ń gbọ̀n o!" Oníbúrẹ́dì pariwo. "Àgbà ti dé! Ta ló tún máa gbé aago fún un báyìí?"

Ó fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ṣùgbọ́n mo gbọ́ bí obìnrin kan lẹ́yìn mi ṣe sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Ẹ má tíì gbé aago yín fún bàbá yẹn o." Ọkọ rẹ̀ sì mi orí.

Bàbá gbé bàálù rẹ̀ wá síbi tá a wà.  Ó ṣí ikùn bàálù, ó yọ bátìrì méjèèjì, ó gbé ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, ó gbé èkejì sí tòsì. Ó dijú.

"Táyé gbóná bí ààrò," ló ní. "Kẹ́hìndé tutù." Ó lajú. "Àwọn ọmọ mi kì í ṣe báyìí. Bí ọ̀kan bá gbóná, wọ́n jọ máa ń gbóná ni. Èyí tó wà lọ́wọ́ òsì mi yìí, ẹlẹ́sẹ̀ líle ni, kò tíì rẹ̀ ẹ́. Ó ń sáré, Táyé ò lè bá a dé ibì kankan. Ta ló so àjèjì mọ́ ọn?"

Mo ń wolẹ̀ bí ẹni tí owó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. 

Nọ́ọ̀sì fọwọ́ họ orí. "Bàbá, bóyá èmi ni mo bà á jẹ́. Mo gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì nínú ọkọ̀, bóyá ibẹ̀ ló mú Táyé gbóná."

"Ìwọ?" Bàbá wò ó tìyanutìyanu. "Ìwọ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́?"

"Ẹ má bínú, bàbá. Mi ò ronú."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti dun mí jù. Ọkùnrin tí mo fẹ́ràn dúró síbẹ̀, ó dorí kodò, ó ń tọrọ àforíjì fún ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá. Èmi tí mo dá a, mo panu mọ́. Mo tiẹ̀ mí kanlẹ̀, mo ní lọ́kàn mi pé, á darí jì í, ọmọ rẹ̀ kúkú ni.

Bí mo ṣe mí kanlẹ̀ tán ni ohùn dídùn kan sọ láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà ní ìgun pápá.

"Ẹ̀yin èèyàn mi! Bí a ṣe ń dúró de bàálù tó kàn, ẹ wo aṣọ ọrùn mi! Aránṣọ tó rán an wà níbí! Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dájú! Lọ́jọ́ tí mo gbé e wò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, bátìrì bàálù ló so mọ́ ọn, èyí tó ní téèpù pupa láyà, ti bàbá àfẹ́sọ́nà rẹ̀! Mo tàn, ẹ gbà mí gbọ́, mo tàn bí òṣùpá! Aránṣọ dà? Juwọ́ sí wa!"

Gbogbo èrò ń wá mi láti juwọ́ sí. Mo juwọ́. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?

Bàbá wo téèpù pupa tó wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Ó wò mí. Nọ́ọ̀sì náà wò mí, ojú rẹ̀ yẹn ni mi ò lè gbàgbé. Kò bínú. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tó ń gbìyànjú láti rántí ibi tó ti mọ̀ mí.

Mo kúnlẹ̀ sínú koríko. Mo sọ gbogbo rẹ̀: aṣọ, gílóòbù, etí odò, bó ṣe wú, oníbátìrì, téèpù. Mi ò fi ìkankan pamọ́.

"Bátìrì máa ń kú," bàbá ní. Ohùn rẹ̀ ò le rárá. "Ká ní o sọ fún mi, ǹ bá rẹ́rìn-ín. Téèpù yìí lo fi ọwọ́ ara ẹ tẹ̀ mọ́ ọn. O wá jẹ́ kí ọmọ mi ru ẹ̀bi rẹ̀. Mo ti rí ìbẹ̀rẹ̀ ẹ, aránṣọ. Ó ga. Òkè ìkẹyìn ẹ dà?"

Mi ò mọ ohun tó gbé mi dìde. Mo kàn rí i pé mo ń sáré la pápá kọjá, ìró mi ń fẹ́ lẹ́lẹ́, bàtà mi kan ti bọ́. Mo fò sórí pèpéle, mo já máìkì gbà lọ́wọ́ Olóhùn-Iyọ̀.

"Ẹ gbọ́ o!" Ohùn mi padà wá bá mi láti ìgun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. "Èmi ni aránṣọ náà! Ọwọ́ Bàbá Aláago ò gbọ̀n! Èmi ni mo ba bátìrì wọn jẹ́, tí mo fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, tí mi ò sọ fún wọn! Ọmọ wọn ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀! Ẹ gbé aago yín lọ bá wọn! Àti pé, ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ dúró lẹ́yìn yẹn, mo gbọ́ yín! Ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí!"

 Oníbúrẹ́dì fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń dà lójú rẹ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo èrò fi dara pọ̀ mọ́ ọn. Olóhùn-Iyọ̀ gba máìkì rẹ̀ padà. "Ẹ ṣì lè gbé aṣọ lọ bá a o," ló ní. "Ẹ sáà má gbé bátìrì!"

Nígbà tí mo padà dé, bàtà lọ́wọ́, bàbá ti ń wá nǹkan nínú àpò rẹ̀. Ó yọ bátìrì méjì jáde. Wọ́n ti gbó, ara wọn ti họ, téèpù pupa wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun tán.

"Àwọn tí mo fi ń kọ́ṣẹ́ kí n tó ra Táyé," ló ní. "Wọn ò lágbára mọ́. Àmọ́ wọ́n jọ darúgbó ni." Ó tì wọ́n bọnú ìbọ̀sẹ̀, ó nà án sí mi. "Bá mi jẹ́ kí wọ́n móoru kó tó kàn mí."

Mo fi wọ́n sáàárín apá méjèèjì, mi ò mí sókè, mi ò mí sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì wá dúró tì mí.  Nígbà tó yá, ó na ọwọ́, ó bá mi di ìdí ìbọ̀sẹ̀ náà mú.

Bàálù gbéra lẹ́ẹ̀kejì. Kò ga. Ẹ̀ẹ̀kan yìí, ẹnikẹ́ni ò pariwo. Ó gòkè jẹ́jẹ́, ó ń yí pápá ká, ohùn kan náà ló ń kọ látòkèdélẹ̀. Adájọ́ fọn fèrè. Mo dijú. Mo gbọ́ tí ó ń gòkè, tí ó ń gòkè, tí Nọ́ọ̀sì fún mi lọ́wọ́ pọ̀. Nígbà tí mo lajú, bàálù bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níbi tó wà nígbà àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́, bí ẹni pé ẹnì kan so okùn mọ́ ọn síbẹ̀.

Oníbúrẹ́dì ló gba ife, ìyàtọ̀ àárín tirẹ̀ àti tiwa kò tó ìka kan. Àwa la ṣe ipò kejì, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń jó níbẹ̀, ẹ ó rò pé wọ́n fún wa ní pápá náà ni.

Nígbà tí ijó rọlẹ̀, bàbá nu ojú rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ lọ ra ìbejì tuntun fún mi. Ẹ jọ lọ o. Láti inú páálí kan náà. Ẹ jọ máa ṣáàjì wọn, ẹ jọ máa lò wọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n jọ máa sinmi. Bí ọ̀kan bá gbóná tí èkejì ò gbóná, ẹ tètè wò ó, ẹ má fi téèpù bò ó."

"Bàbá," Nọ́ọ̀sì ní, "ṣé èsì tẹ́ ẹ ní ẹ máa fún wa nìyẹn?"

"Ọ̀rọ̀ bátìrì ni mò ń sọ," bàbá dáhùn. Ó ṣí téèpù pupa kúrò láyà àjèjì náà, ó fà mí lọ́wọ́, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi lọ́rùn ọwọ́. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ dáadáa, bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà. "Èsì yín nìyí."

Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín, mo tún sunkún.

Mo ti rán aṣọ ìgbéyàwó mi báyìí. Mo rán téèpù pupa yẹn mọ́ ọn nínú, létí ìsàlẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní rí i àyàfi èmi. Olóhùn-Iyọ̀ wá wò ó, ó ní ó rẹwà, àmọ́ ìbá tún dáa bí ó bá tàn díẹ̀. Mo ní kó jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi.